Ohun Tí Ìjọ Gbọ́ Kí N Tó Gbọ́

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án

Ilé ìwé bẹ̀rẹ̀ lónìí. Wọ́n fi mí sí kíláàsì àwọn tí mo fi ọdún méjì jù lọ, nítorí ìṣirò. Tíṣà ìṣirò ní kì í ṣe ìyà, ìpìlẹ̀ ni wọ́n fẹ́ tún ṣe. Nígbà tí a tò síwájú ọ́fíìsì, orí mi yọ láàárín ìlà bí igi àgbàdo nínú oko ẹ̀pà.

Ọmọbìnrin kan bi mí pé níbo ni mo ti wá. Mo ní ibùdó. Ó ní ibùdó wo? Kí n tó ronú ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀ àlàyé, bóyá láti ọdún tí ìjọ rán Bàbá àti Màmá lọ ṣe míṣọ́nnárì ní òkè òkun, bóyá láti ọjọ́ tí wọ́n bí mi, ó ti lọ. N kò dá a lẹ́bi. Ọdún mẹ́sàn-án ni Màmá fi kọ́ mi níwèé lórí tábìlì oúnjẹ, èmi nìkan sì ni akẹ́kọ̀ọ́. N kò mọ̀ pé nínú kíláàsì, ẹni tó bá mọ ìdáhùn gbọ́dọ̀ yára.

Ilé àlejò ìjọ ni a wà títí ìsinmi Bàbá àti Màmá yóò fi parí. Síbí mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀, kò sí méjì tó jọra nínú wọn. Ẹ̀bùn ni gbogbo wọn. Bí èèyàn bá dojú àga dé, á rí orúkọ ẹni tó fi tọrẹ lábẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ akọrin ló ni èyí tí mo jókòó lé yìí. Bẹ́ẹ̀dì Bàbá àti Màmá jẹ́ ti opó kan tó ti kú. Màmá ní kí n má wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tèmi, kí n ṣá máa sùn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Ìjọ kìíní nínú méjìlá tí Bàbá máa ròyìn ibùdó fún. Wọ́n ta aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun sára ògiri, Bàbá sì fi ẹ̀rọ rẹ̀ gbé àwòrán sí i. Ó tún sọ ti kẹ̀kẹ́ tó rì sínú ẹrẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé àwòrán kẹtàdínlógún, tí kànga gbẹ, wọ́n mí kanlẹ̀. Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n máa mí kanlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó kàn mí. Mo wọ aṣọ ibùdó tí Màmá ti tú etí rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí kò sì tún dé orúnkún mi mọ́. Mo ka àdúrà òwúrọ̀ ní èdè ibùdó, mo ń dúró ní ìparí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan kí Bàbá lè túmọ̀ rẹ̀. Ìyá kan lórí ìjókòó iwájú ń sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé ẹ wò ó, ẹ wo bó ṣe ń sọ ọ́ wótòwótò. Èdè tí mo fi ń bẹ omi mu láti kékeré ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Òjò láti àárọ̀. Mo kọ̀wé sí Aláròyé ọ̀rẹ́ mi, ojú ewé mẹ́fà. Bí a bá jọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní ibùdó, òun ló máa ń sọ̀rọ̀, tèmi kò ju ẹ̀n-ẹ́n lọ. Ìyá rẹ̀ ló fún un lórúkọ yẹn, kò sì sẹ́ni tó bá a jiyàn. Nínú lẹ́tà, èmi ni mò ń rojọ́. Kò ní gbà gbọ́ pé èmi ni mo kọ ọ́.

Sítáǹbù ti gbówó lórí láti ìgbà tí a ti lọ. Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ ní kí n dín ọ̀rọ̀ mi kù.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

N kò sọ ju "mo wà" lọ lónìí, nígbà tí wọ́n ń pe orúkọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Wọ́n ti yí ìjókòó wa padà. Ẹni tí wọ́n fi mí tì ni wọ́n ń pè ní Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé bẹ́líìtì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Ó wò mí títí di ìgbà tí agogo lù, ó wá ní, "Ṣé inú ń bí ẹ ni, àbí bí ojú ẹ ṣe rí nìyẹn?"

Mo ní bó ṣe rí nìyẹn.

Ó ní kò burú, òun kàn fẹ́ mọ̀ ni, kí òun lè mọ bí òun á ṣe jókòó.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

Ìjọ kẹta. Lẹ́yìn ìsìn a lọ kí Màmá Àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Alágbàfọ̀ ni. Ilé rẹ̀ gbóná, ó ń run ọṣẹ àti sítáàṣì, aṣọ àwọn ẹlòmíì sì rọ̀ sórí okùn lórí wa bí ìjọ kan tó dúró láìlórí. Ó mú mi wo yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn, tó ń kó àpótí sí. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ràn fèrèsé tó kọjú sí títì. Mo ní ó dára. Ó wo Màmá. Màmá ń wo bí áyọ́ọ̀nù ṣe ń ṣe èéfín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo fẹ́ kọ èyí ní kíkún, kó má baà dàbí pé mo lá àlá.

Wọ́n kó lẹ́tà àdúrà ti oṣù yìí, èyí tí à ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́, dé láti ilé ìtẹ̀wé. Igba ó lé méjìlá. Bàbá ti lọ rí ìgbìmọ̀ tó ń rán wọn níṣẹ́, Màmá lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín, èmi ni mo máa ká lẹ́tà, kí n fi sínú àpò rẹ̀, kí n lẹ sítáǹbù mọ́ ọn. Iṣẹ́ mi ni láti ọmọ ọdún méje. N kì í kà á. Mo mọ̀ ọ́n: ọpẹ́ lókè, àìní láàárín, ìkíni nísàlẹ̀.

Mo ti ká ọgbọ̀n nínú rẹ̀. Tàdáwà ìkọkànlélọ́gbọ̀n ti dà pọ̀ lápá ìsàlẹ̀, mo sì gbé e súnmọ́ ojú láti wò ó bóyá ó ṣeé kà. Ó ṣeé kà.

"Ẹ bá wa fi ọmọ wa sínú àdúrà yín. Ní ìparí oṣù kọkànlá a óò padà sí ibùdó láìsí i pẹ̀lú wa. Yóò dúró lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ títí a óò fi tún wá ìsinmi, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, kí ó lè parí ìwé rẹ̀. Ọmọ onígbọràn ni, ó sì ti fara mọ́ ọn."

Mo mú òmíràn nínú àwọn tí mo ti ká, mo tú u. Bákan náà ni. Mo tú ẹ̀kẹta.

Lẹ́yìn náà mo dìde, mo mu omi, mo padà wá jókòó, mo sì ká gbogbo wọn tán. N kò mọ ìdí. Bóyá torí pé iṣẹ́ tí wọ́n fún mi nìyẹn. Ahọ́n mi ṣì ń korò fún gọ́ọ̀mù sítáǹbù. Nígbà tí Màmá dé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, kò lè sọ̀rọ̀. Ó fọwọ́ kan orí mi, ó ka ìdì lẹ́tà, ó mi orí sí mi bí ẹni tó ń dúpẹ́.

Mo ti kọ ọ́ sí Aláròyé.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ìjọ kẹrin. Mo wo ẹnu Bàbá àti Màmá láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, bóyá wọ́n á sọ ọ́. Bàbá ní kí n bá òun mú iyọ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá

Lẹ́tà ti lọ láti ọjọ́ Ajé. Màmá ra bàtà ilé ìwé fún mi, ó fi ìwọ̀n méjì tóbi ju ẹsẹ̀ mi lọ. Ó ní ẹsẹ̀ á dàgbà bá a. Mo ní ta ló máa rí i nígbà tó bá bá a? Ó bi mí pé kí ni mo wí. Mo ní mo ní ẹ ṣeun.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ keje

Ìjọ tí tíṣà ìṣirò ń lọ wà lára àwọn tó ń gba lẹ́tà wa. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ń pín ìwé ìdánwò, ó fún mi ní tèmi, mọ́kàndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì fọwọ́ lé mi léjìká. Ó ní kí n má bẹ̀rù, pé àwọn ti kà á, ọdún mẹ́rin á lọ bí eré, gbogbo ilé òun ló ń gbàdúrà fún mi pẹ̀lú bí àwọn òbí mi ṣe ń fi mí sílẹ̀. Inú rere ló fi sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń lọ sílẹ̀. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn pátápátá gbọ́.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní, "Kà á níbo?"

Ó wo máàkì mi, ó wo ojú mi, ó fi ìgbọ̀nwọ́ bo máàkì náà kí ẹlòmíì má rí i.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlá

Ìjọ kẹfà. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, àwọn èèyàn dúró dé ẹnu ọ̀nà. Kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, obìnrin márùn-ún ló ti gbá mi mọ́ra. Ọ̀kan ní mo gbójú. Ọ̀kan ní òun náà gbé ní ilé ẹ̀gbọ́n ìyá òun, kò pa òun. Bàbá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń to àwòrán rẹ̀. Mo rí i tó fi àwòrán kẹjọ sípò ìkẹsàn-án.

Kẹ̀kẹ́ rì sínú ẹrẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kànga gbẹ. Ó kàn mí.

Mo dúró síwájú wọn, mo la ẹnu láti ka àdúrà òwúrọ̀, ohun tó jáde kì í ṣe àdúrà òwúrọ̀. N kò múra rẹ̀ sílẹ̀. Nínú ilé ìsìn yẹn, àwa mẹ́ta nìkan la gbọ́ èdè ibùdó. Mo ní:

"Bàbá, Màmá, mo ti ka lẹ́tà náà."

Mo dúró, torí ara mi ti mọ́ ibi tí wọ́n ti ń dúró. Bàbá wò mí. Gbogbo ìjọ ń wò ó. Ó la ẹnu, ó sì túmọ̀ gbólóhùn kìíní àdúrà òwúrọ̀ fún wọn.

"Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ká a."

Ó túmọ̀ gbólóhùn kejì.

"Gbogbo àwọn tó wà níbí ló mọ̀ pé ẹ máa fi mí sílẹ̀. Èmi nìkan lẹ ò sọ fún."

Ó túmọ̀ ìkẹta.

"Ẹ kọ ọ́ pé mo ti fara mọ́ ọn. Ta ló bi mí?"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ, mò ń wí, ó ń túmọ̀ ohun tí n kò wí, títí àdúrà fi parí. Ìjọ ṣe àmín. Màmá ti gbé àwo iṣẹ́ ọnà ibùdó tó ń fi hàn wọ́n sílẹ̀, ó sì di etí tábìlì mú. Lẹ́yìn ìsìn, ìyá arúgbó kan di ọwọ́ mi mú, ó ní òun kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n omi bọ́ lójú òun, pé láti ọjọ́ tí àwọn míṣọ́nnárì ti ń wá síbẹ̀, kò tíì sí ọmọ tó gbàdúrà bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ tí ìjọ yá wa la gbé padà. Bàbá wakọ̀ kọjá ìyànà wa, ó lọ títí dé ibi tí títì parí sí kó tó padà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Bàbá kan ilẹ̀kùn mi kó tó wọlé. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó jókòó lórí àga ẹgbẹ́ akọrin, ó ní, "Ọmọ mi, mo purọ́ níwájú ìjọ lọ́jọ́ Àìkú."

Ó ń fi àtàǹpàkò ha nǹkan kan lára àga náà. Ó ní láti ọjọ́ tí àwọn ti ṣègbéyàwó, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sáwọn tí ìjọ kò kọ́kọ́ gbọ́: oyún mi, ibà mi, kànga, òrùlé tí ìjì ká lọ. Ẹnu àwọn ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ débi pé kò mọ ọ̀nà yàrá ọmọ àwọn mọ́. Màmá rò pé bàbá ló yẹ kó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun rò pé ìyá ló mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà wá dàbí ẹrù tí ẹni méjì gbé, tí oníkálukú rò pé ẹnì kejì ló di ìdí rẹ̀ mú.

Mo bi í pé, "Ta ló kọ ọ́ pé mo ti fara mọ́ ọn?"

"Èmi ni."

"Kí ló dé, sà?"

"Tí mo bá ti rí i lórí ìwé bẹ́ẹ̀, á rọ̀ mí lọ́rùn láti lọ."

Lẹ́yìn náà ó ní ìgbìmọ̀ á jókòó lọ́jọ́ kejì oṣù tó ń bọ̀. Bí mo bá ní n kò dúró, a jọ ń padà nìyẹn, òun á bá wọn sọ ọ́, ohun tó bá gbà la ó fún un. Mo ní ìwé mi ńkọ́? Ó ní wọ́n á wá nǹkan ṣe sí i. Àwa méjèèjì mọ̀ pé kò sí nǹkan tí wọ́n lè wá. Ìwé tí Màmá fi ń kọ́ mi ti tán lọ́dún tó kọjá. Èyí tí mo ti kà tán ni mo ń tún kà.

Ní gbogbo àkókò yẹn, mo ń rí ẹsẹ̀ Màmá lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ó dúró síta, kò wọlé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Màmá gbé tíì wá bá mi kí n tó lọ sílé ìwé. Ó ní, "Ṣé ò ń bínú sí mi?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Ó mi orí. "O ṣeun tí o sọ ọ́." Ó fi ṣúgà síbí mẹ́ta sí i, èyí tí kò ṣe láti ọjọ́ tí eyín ti ń dùn ún.

Ọjọ́ Àìkú, ogúnjọ́

Ìjọ keje. Mo ní n kò kà á mọ́. Wọn kò rọ̀ mí. Bàbá ní ọ̀fun ń dùn mí, ó rí ojú mi, ó sì tún un sọ: ó ní ọmọ náà kò fẹ́. Ìjọ kọrin.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Lẹ́tà Aláròyé dé. Ojú ewé kan péré. Ìyẹn nìkan tó láti bani lẹ́rù.

Kò sí ní ibùdó mọ́. Nọ́ọ̀sì ibùdó ti mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìlú kejì, ọ̀nà ọjọ́ mẹ́ta lójú odò, kó lọ kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí. Ìyá rẹ̀ ló fi lẹ́tà mi ránṣẹ́ bá a níbẹ̀. Ó kọ̀wé pé:

"O ní o fẹ́ padà wá. Ta lo fẹ́ wá bá? Tí o bá lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa báyìí, ìyá mi á kàn máa rán ẹ níṣẹ́ ni. Mi ò ní kó o dúró, mi ò ní kó o wá. Mo kàn ń sọ fún ẹ pé ibẹ̀ ti ṣófo. Níbí, mi ò mọ ẹnì kankan. Ó ti di ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti dákẹ́. Ṣé o gbọ́? Èmi. Bí ìwọ ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ yìí kò yé mi. Kọ̀wé kí o kọ́ mi."

Mo kà á nínú ilé ìyàgbẹ́ ilé ìwé torí ibẹ̀ nìkan ni wọn kì í ti í bèèrè nǹkan. Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà n kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Gbogbo bí mo ti ń ro ibùdó láti ọjọ́ tí a ti dé, ẹnu ọ̀nà wọn ni mo ń rò. N kò ro ibòmíì.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ọjọ́ márùn-ún kí ìgbìmọ̀ jókòó. Mo ya ojú ewé kan sí méjì láti kọ ìdí tí mo fi lè dúró àti ìdí tí mo fi lè lọ. Lápá kan mo kọ ìwé. Lápá kejì mo kọ Màmá, mo kọ Bàbá, mo sì dúró síbẹ̀, torí kò yẹ kí wọ́n wà lórí ìwé ìṣirò báyìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá

Ìgbìmọ̀ ń jókòó nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ibi tí wọ́n ń kó àga tó fọ́ sí. Èèyàn mẹ́fà. Agogo ara ògiri fi ogún ìṣẹ́jú pẹ́. Ìyá Alága ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé rí, ó so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn, ó sì ń wo èèyàn bí ẹni tó ń wá ibi tí bọ́tìnì ti já. Bàbá ní kí wọ́n jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́. Akápò ní kò sí irú ẹ̀ rí. Ìyá Alága ní kò sí irú ẹ̀ rí náà ni kí a máa ròyìn ọmọ fún igba ilé láìbi í.

Mo ní, "Mo máa dúró."

Ìyá Alága ní, "Ṣé wọ́n rán ẹ ni?"

"Rárá, mà."

"Ṣé o fẹ́ ẹ?"

Mo ní n kò mọ̀ bóyá mo fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n èmi ni mo wí i. Ó ní kí n máa bá a lọ, òun rí i pé ọ̀rọ̀ ṣì kù lẹ́nu mi.

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n kọ mí sínú lẹ́tà mọ́. Ì báà ṣe rere, ì báà ṣe búburú."

Akápò yí ara padà lórí àga rẹ̀. Ó ní àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́ fẹ́ mọ bí ọmọ ṣe wà, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ gbàdúrà lórí ohun tí kò mọ̀?

Mo ní, "Kí wọ́n bi mí, sà. Ojúlé mi ò jìnnà. Ẹni tó bá bi mí, màá dá a lóhùn."

Ìyá Alága bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe wí i gan-an, kó má tún un ṣe.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹta

Ohun tí n kò kọ lánàá rèé. Nígbà tí mo ní mo máa dúró, ojú Màmá ni mo ń wò. Mò ń retí kó ní rárá. Kó dìde, kó ní ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀, mò ń mú un lọ. Bó bá sọ ọ́, ǹ bá ṣì kọ̀, mo rò pé ǹ bá kọ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbọ́ ọ.

Ó nu ojú. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Mọ́kànlélógójì nínú ìṣirò. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní òun gba mẹ́tàlélógójì, kí n rọra, kí n má lé òun bá níbi tí òun ti ń sinmi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlélógún

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ eruku wọlé. A kó àpótí mi lọ sílé Màmá Àgbà. Kò sọ pé ẹ káàbọ̀ tàbí pé á dáa. Ó mú yunifọ́ọ̀mù mi, ó rán nọ́ńbà mọ́ ọrùn rẹ̀ pẹ̀lú òwú pupa bó ṣe ń ṣe sí aṣọ oníbàárà. Nọ́ńbà mi jẹ́ ọ̀kan. Mo bi í ta ló ń jẹ́ ọ̀kan tẹ́lẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ ẹ, eéjì lòun ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Wọ́n ti lọ.

Ní èbúté, Bàbá tí àdúrà rẹ̀ máa ń gùn tó wákàtí kò gbà ju gbólóhùn méjì. Màmá fẹ́ tún ọrùn aṣọ mi ṣe, ṣùgbọ́n Màmá Àgbà ti fi sítáàṣì sí i débi pé kò ṣeé tún ṣe, ọwọ́ rẹ̀ kàn ń rìn káàkiri ibẹ̀. A sunkún, a dágbére, wọ́n gun ọkọ̀. Ọkọ̀ kò sì lọ.

Wákàtí méjì. Wọ́n ní ẹ̀rọ rẹ̀ ni. A ti lo ẹkún wa tán, a ti sọ ohun gbogbo. Wọ́n dúró lókè, a dúró nísàlẹ̀, à ń juwọ́, a sinmi, a tún juwọ́. Bàbá fọwọ́ ṣe bí ẹni tí kẹ̀kẹ́ rì mọ́ lẹ́sẹ̀, mo sì rẹ́rìn-ín, torí ó dára nígbà tí kì í ṣe ìjọ ló ń ṣe é fún. Oòrùn mú. Màmá Àgbà lọ ra búrẹ́dì. Ìgbà tí ọkọ̀ máa wá gbéra, ẹnu mi kún, n kò lè pe ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń jẹun, mò ń juwọ́, títí n kò fi mọ èyí tó jẹ́ Màmá mọ́ nínú àwọn tó wọ aṣọ funfun.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Áyọ́ọ̀nù. Èéfín. Títì. Màmá Àgbà kì í sọ̀rọ̀ bó bá ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo. Mo gbé abọ́ mẹ́ta sórí tábìlì kí n tó rántí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá mẹ́ta yí mi ká. Wọ́n ní wọ́n ti kà á pé kò sí mi nínú lẹ́tà mọ́, nítorí náà àwọn wá bi mí, bí mo ṣe wí. Ojú tì mí, n kò rò pé ẹnikẹ́ni á wá. Wọ́n ní kí ni kí àwọn fi sínú àdúrà?

Mo ní ìṣirò.

Wọ́n ní ìyẹn nìkan? Mo ní ìyẹn nìkan, ẹ ṣeun. Ó jẹ́ òtítọ́. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Tíṣà ìṣirò kò wá, wọ́n fún wa ní iṣẹ́ ká máa ṣe é jẹ́jẹ́. Mo kọ ìbéèrè kìíní sílẹ̀, n kò lè tẹ̀ síwájú. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń ṣe tirẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn bírò họ orí. Láìgbójú sókè, ó ní, "Èyí kì í ṣe bí ojú ẹ ṣe rí."

Mo ní rárá.

Ó dúró. N kò mọ̀ pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń dúró.

Mo sọ fún un. Mo ní àwọn òbí mi ní kí n yàn, mo sì yàn láti dúró, ṣùgbọ́n ńṣe ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ̀ fún mi. Mo fẹ́ kí ìyá mi kọ̀. Kò kọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ohùn mi kéré débi pé ó ní láti tẹ orí wá.

Ó ro ó díẹ̀. Kò sọ pé á dáa, kò sọ pé òun á fi sínú àdúrà. Ó ní, "Ta ló mọ̀?"

"Ìwọ."

"Ta tún ni?"

"Kò sí."

Ó ní, "Hẹn." Ó gbé àpò rẹ̀ kúrò láàárín wa sílẹ̀, ó fa ìwé mi súnmọ́ ọn, ó ní ìbéèrè kẹrin ló le jù, ká tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.